Ọkọ̀ Ń Sáré Nígbà Tí Mo Bí Ọ

Ilé Tíṣà Adétóyè,
Ẹ̀yìn Tésàn Rélùwéè,
Ọ̀fà.
18 Disẹ́ńbà, 1959.

Abíọ́nà mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi, nítorí ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé pẹ́ẹ̀nì tí mo ń gbé e sílẹ̀: wọ́n ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú àwọn ọmọbìnrin tí yóò sá eré ọgọ́rùn-ún yáàdì ní Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé o ò yára tó. Èmi ìyá rẹ ni mo fà á, fọ́ọ̀mù tí mo kọ ló dà á rú.

Ó yá, mo ti sọ ọ́. Má sunkún, ọ̀rọ̀ náà ṣì ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo ojú ìwé kankan. Báwo ni ara rẹ? Àbúrò mi Mojísọ́lá tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ńkọ́, ṣé ó ń bu oúnjẹ tó tó ẹni tó ń sáré fún ọ, àbí oúnjẹ ẹni tó ń jókòó? Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kí iṣan rẹ má fà, kí òkúta má gún ọ, kí ó tètè rẹ ẹni tó bá wà níwájú rẹ, kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ má rí ju gìgísẹ̀ rẹ lọ. Àmín. Gbogbo wa nílé wà láàyè. Bàbá rẹ náà wà láàyè, àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń bá mi sọ lójúmọ́, wọ́n á ní omi, wọ́n á ní ọbẹ̀, wọ́n á ní ó tó. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ọdún yìí sú mi, Abíọ́nà. Láti oṣù kìíní ni ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ Ọ̀fà kúrò lára Àríwá, kí wọ́n dà wá pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan ní ká jókòó jẹ́ẹ́ sí Àríwá níbi tí ìjọba fi wá sí. Bàbá rẹ wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Alhaji Kamaldeen, wà nínú àwọn ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n nínú agboolé. Bàbá Alhaji ra rédíò kan. Bí wọ́n bá yí i sí Kàdúná, bàbá rẹ á rìn wọlé, wọ́n á nawọ́ yí i sí Ìbàdàn. Bàbá Alhaji á tún un yí. Wọ́n á jọ yí i títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró sí àárín, ohun tí gbogbo agboolé á wá máa gbọ́ ni ṣììììì, bí ẹni ń din ẹja. Èmi ni mo máa ń wá pa á.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin tó ń ka ìròyìn láti Ìbàdàn yẹn ṣá. Ọlọ́yàyà ni, ojoojúmọ́ ló ń kí wa ẹ káàárọ̀ kó tó sọ ohunkóhun, èmi náà sì máa ń kúnlẹ̀ dá a lóhùn, nítorí ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà. Mo kọ lẹ́tà sí i lóṣù kẹjọ pé kó bá mi kí ọ, ìlú kan náà lẹ sáà wà, kó sì sọ fún ọ pé kí o máa wọ síwẹ́tà. Kò tíì fèsì. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, rọra bi í léèrè.

Wọn ò jẹ́ kí nǹkan kan sinmi lọ́wọ́ òṣèlú. Ìjàkadì tí a fi ń ṣọdún, tó jẹ́ orò wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìbò létí, ẹgbẹ́ kan dé oníjàkadì kan ní fìlà, ẹgbẹ́ kejì dé èkejì ní tiwọn. Nígbà tí ọ̀kan gbé ọ̀kan ṣubú, tí gbogbo wa gbọ́ gbì, àwọn tó ni ẹni tó ṣubú ní kí wọ́n tún un kà. Mo ní ta ló ń tún ìṣubú kà? Bọ́ọ̀lù tí a bá àwọn ará Ìjagbó gbá ńkọ́? Rẹfirí fọn fèrè pé ó wọlé, dípò kí wọ́n bi í bóyá bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà, wọ́n ní ẹgbẹ́ wo ló wà. Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kò dúró kó bàtà. Bàtà náà ṣì wà lọ́dọ̀ Bàbá Alhaji.

Àwa akọrin obìnrin ti ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, oṣù mẹ́ta ni a fi kọ́ orin fún àjọ̀dún àṣà. Àwọn tó ń ṣe ti Àríwá ní orin Yorùbá ni, ká gbé e lọ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ti Ìwọ̀-Oòrùn ní ará Àríwá ni wá, kí Ọlọ́run bùkún wa, ká máa lọ. A ti rán aṣọ. Ibi tí a ti kọ orin náà nígbẹ̀yìn ni tésàn, a kọ ọ́ fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò. Ọkọ̀ gbéra nígbà tí a dé ẹsẹ kejì, a kọ èyí tó kù fún ẹrù.

Bí ara mi ṣe wà nìyẹn, gbígbóná, nígbà tí fọ́ọ̀mù rẹ dé lóṣù kọkànlá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ eré ìje ti Ìwọ̀-Oòrùn. Inú mi kọ́kọ́ dùn nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ní àmì kankan, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n tò sílẹ̀. ORUKO OMO, mo kọ ọ́. OJO IBI, mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí IBI OMO, wọ́n fa ìlà gígùn síwájú rẹ̀.

Abíọ́nà, kí ni ìwọ ìbá kà á sí? Ìyá ọmọ ni mí. Bí ènìyàn bá bi ìyá ọmọ ní ibi ọmọ, ohun tó bá ọmọ jáde ló ń béèrè, èyí tí à ń sin sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé kí ni àwọn eléré ìje fẹ́ fi í ṣe. Mo wá rò pé àwọn dókítà ni, mo ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ń wá ohun tó máa ń mú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn yá ju ti ẹlòmíràn. Fọ́ọ̀mù Tú ni mo kà dé kí n tó lọ́kọ, mo sì rántí pé wọ́n kọ́ wa pé òtítọ́ nìkan ni à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Nítorí náà mo kọ òtítọ́. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ̀yìn ilé ìyá mi ní Ìkirun, lábẹ́ igi ọsàn, ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀.

Ibi tí àṣírí wà gan-an nìyẹn, mo sì ti pa á mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. O mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti bí ọ, torí ẹ̀ lo ṣe ń jẹ́ Abíọ́nà. Mo ń bọ̀ láti Ìkirun, ìyá mi tẹ̀ lé mi, ikùn mú mi nígbà tí a kúrò ní Òkúkù. Bàbá Gbádé tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ nígbà náà gbé mi wọ yàrá wọn lẹ́yìn ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ á fi dé Ọ̀fà, o ti ń ké. Ìyá mi ló di ibi náà sínú ìkòkò. Wọ́n gbé ìkòkò kan fún àwọn ará ilé bàbá rẹ, àwọn yẹn sin ín sí àárín agboolé, bàbá rẹ gbin àgbọn lé e lórí. Àgbọn tìrẹ yẹn náà ni, tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ka ìwé ìròyìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá mi yọ́ sọ fún mi pé ìkòkò méjì ló wà, pé ti òdodo ti wà ní Ìkirun. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo panu mọ́.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni EKUN TI A TI BI I. Ìyẹn yé mi, àmọ́ Àríwá bẹ̀rẹ̀ níbì kan láàárín Òkúkù àti Ọ̀fà, mi ò sì yọjú lójú fèrèsé lákòókò yẹn. Mo kọ ọ́ pé: Kò dá mi lójú. Ọkọ̀ ń sáré.

Mo fi ránṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe dáadáa.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó kọjá lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Olúṣèyí dé lórí kẹ̀kẹ́, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì N.A., tí bàbá rẹ kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Bàbá rẹ àti Bàbá Alhaji wà lábẹ́ àgbọn náà. Olúṣèyí ní àwọn ìgbìmọ̀ Ìbàdàn dá fọ́ọ̀mù rẹ padà, kò yé wọn, wọ́n ti yọ orúkọ ọmọ náà títí fọ́ọ̀mù tó mọ́gbọ́n wá yóò fi dé. Ó ní ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì jáde síta lọ gba atẹ́gùn. Mo ní kó gbé ìwé náà fún mi. Kò gbé e fún mi, ó dìde dúró, ó kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún bi mí pé ní ti ẹkùn, ṣé kí òun kọ ọ́ pé ọmọ Rélùwéè ni.

Bàbá rẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Àdìkẹ́, Àdìkẹ́, ibi tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń béèrè, ìlú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí à ń sin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà wá dúró. Wọ́n ní Ìkirun kẹ̀? Wọ́n wo òkè, wọ́n wo àgbọn náà láti orí dé ìdí. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní kí wọ́n sọ fún Tíṣà pé àwọn ní ìbò láti dì lọ́jọ́ Sátidé, bí àwọn bá dìbò tán àwọn ń bọ̀, ohun tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní sá lọ.

Jẹ́ kí n sọ ti ìbò yẹn, torí ó ń dùn mí. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa ní Àríwá, obìnrin kì í dìbò. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣì lọ to sórí ìlà. Ọkùnrin tó jókòó nídìí ìwé ní kí n kúrò, òfin ni. Mo ní mo lè ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó wà níwájú mi dojú tirẹ̀ dé. Ó wò mí. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo lè kà á? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ ṣeun, ìyá, gíláàsì òun fọ́ lánàá, kí n bá òun ka orúkọ àwọn ènìyàn. Abíọ́nà, mo jókòó. Wákàtí méjì ni mo fi ń pe orúkọ. Orúkọ ọgọ́fà ọkùnrin ni mo kà jáde, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jáde. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì lọ sílé lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ wá, wọ́n na àtàǹpàkò wọn síwájú láti tésàn dé ilé, dúdú bí ìdí ìkòkò, yíǹkì ìbò ni. Wọn ò mọ a yàtọ̀ sí b, wọ́n sì ti dìbò. Bàbá rẹ ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bi wọ́n pé kí ló wà nísàlẹ̀ àgbọn òun. Ìyá mi ní iṣu ni. Bàbá rẹ ní iṣu kẹ̀? Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ègé iṣu kan, mo fi aṣọ wé e dáadáa. Bàbá Alhaji ṣubú lulẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n ní Tíṣà, abájọ tí àgbọn rẹ kò fi so rí, iṣu ló ń retí láti so!

Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ti jí òun lọ́mọ. Ẹnu yà mí, mo ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ti ń pariwo láti oṣù kìíní pé ọ̀kan náà ni wá pẹ̀lú wọn, pé ìlà tó wà láàárín wa, òyìnbó ló fi pẹ́ńsù fà á? Wọ́n ní òṣèlú nìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé lèyí. Wọ́n ní Àríwá ni ọmọ òun máa sá eré fún bí yóò bá sá a. Bàbá Alhaji dìde, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ wa, Tíṣà, káàdì rẹ ti wà nílẹ̀. Bàbá rẹ fa ọwọ́ wọn yọ. Wọ́n ní ó tó, àwọn ò fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́, yálà ti Àríwá tàbí ti Ìwọ̀-Oòrùn, kí ọmọ náà jókòó sílé. Láti ìgbà náà ni a ti wà lórí omi, ọbẹ̀ àti ó tó.

Mo bá ìyá mi jà ní kíṣìnnì. Mo ní ẹ ti bà mí nílé jẹ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní ará ilé ọkọ mi ti mú ọmọ àwọn lọ, wọ́n tún fẹ́ mú ọmọ ọmọ àwọn, àwọn ní kí àwọn mú nǹkan kan dání padà sílé. Wọ́n wá tún na àtàǹpàkò wọn sí mi, wọ́n ní kí n mú tèmi jáde, ká wo èyí tó dúdú jù. Mo nà án. Ata ló wà lára tèmi.

Má bínú sí bàbá rẹ. Wọ́n mú àdá lọ́jọ́ Túsìdeè pé àwọn máa gé àgbọn náà. Lánàá ni mo yọjú, mo rí i pé omi ni wọ́n ń bù sí ìdí rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo rí wọn.

Ohun díẹ̀ tí mo fẹ́ béèrè. O kọ̀wé pé aago tó máa ń dúró ni wọ́n fi wọn eré rẹ tí o fi sá a ní ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Kí ló dé tí wọ́n fi aago tó ti bàjẹ́ wọn ọmọ mi? Sọ fún wọn kí wọ́n wá aago tó ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé o yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún gbọ́ pé ẹ̀rọ tẹlifíṣàn ti dé Ìbàdàn, pé gbogbo ìlú lè rí ènìyàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́ hàn, kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó ń wò ọ́ kí o tó sáré, má jẹ́ kí wọ́n ní a ò kọ́ ọ. Mo fi gàrí àti èlùbọ́ rán Bàbá Gbádé sí ọ, kí Mojísọ́lá fún ọ ní owó sítáńbù nítorí rẹ̀, torí mo fẹ́ kí o kọ̀wé méjì.

Ìwé kìíní ni fọ́ọ̀mù tuntun tó wà nínú àpò ìwé yìí. Olúṣèyí ló bá mi wá a. Ó ní ẹkùn méjèèjì ló fẹ́ ọ, àwọn Àríwá náà ti gbọ́ pé ọmọ Ọ̀fà kan wà tó ń sáré bí ọkọ̀, èyí tí a bá kọ síbẹ̀ ni yóò gbà ọ́, tó bá sáà ti mọ́gbọ́n wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé kí bàbá tàbí ìyá fọwọ́ sí i. Mo ka tàbí yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo pe Olúṣèyí padà lójú ọ̀nà, mo ní ṣé tàbí yìí, èmi náà wà nínú rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo bá fọwọ́ sí i, orúkọ mi ni mo kọ gbọọrọ, mi ò fi ti bàbá rẹ kún un.

Níwájú IBI OMO, mo kọ ọ́ pé bàbá rẹ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ìyá rẹ jẹ́ ọmọ Ìkirun, ojú ọ̀nà ni a ti bí ọ. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹkùn tí o fẹ́ sáré fún, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìwọ ni kí o kọ ọ́. Má bi bàbá rẹ, má bi Bàbá Alhaji, má bi ìyá mi, má sì bi èmi náà. Orúkọ ọgọ́fà ènìyàn ni mo pè lọ́jọ́ Sátidé yẹn tí wọ́n wọlé lọ mú èyí tó wù wọ́n. Tìrẹ ni mo ń pè yìí. Èyí tí o bá kọ, màá dúró tì í níwájú bàbá rẹ, kódà bí ó bá di pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn náà á kù sí méjì.

Fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kó tó di ọjọ́ kẹrin oṣù Jánúárì. Kí Ọlọ́run tó jẹ́ kí o dé láyọ̀ nígbà tí kò sí ilé, tí kò sí ibùsùn, jẹ́ kí o dé láyọ̀ ní Èkó náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìkẹ́.

Ìwé kejì ni èsì sí mi. Jọ̀ọ́, tètè kọ ọ́.